Ẹ Wọn Irin Inú Ẹ̀jẹ̀ Kí Ẹ Tó Fi Kún Un

Bí ènìyàn bá lọ bá dókítà pé ó ti ń rẹ òun láti bí oṣù mélòó kan, pé oríkèé ń dun òun, tí iṣẹ́ tí kò jẹ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ sì ti wá di wàhálà, ohun tó sábà máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́ ni oògùn tí ó ní èròjà irin nínú. Ó lè jẹ́ pé ohun tó yẹ ẹ́ nìyẹn lóòótọ́, nítorí kò sí ohun tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ káàkiri ayé tó àìtó irin. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé irin tó ti pọ̀ jù lára wọn gan-an ló ń rẹ̀ wọ́n, ẹni tó bá sì fún irú wọn ní irin sí i, epo ló ń da síná. Ohun tí a ń sọ ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa méfò lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì péré ló ń fi ìyàtọ̀ hàn, ó sì yẹ kí ilé ìwòsàn gbogbo sọ wọ́n di ìlànà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ kí a tó kọ oògùn irin fún àgbàlagbà tí ó ń rẹ̀ láìnídìí. Bí àyẹ̀wò náà bá sì mú ẹnì kan, kò gbọ́dọ̀ parí sọ́dọ̀ ẹni náà nìkan.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ irin le ni pé ara ènìyàn kò ní ọ̀nà tó ń gbà lé èyí tó bá ṣẹ́kù jáde. Nǹkan bíi gíráàmù 3 sí 4 ni gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà. Lójúmọ́, mílígíráàmù 1 tàbí 2 ni ìfun ń gbà wọlé, ìwọ̀n kan náà ló sì ń bá awọ tó ń re àti ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣòfò lọ. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nìkan ni ara lè ṣọ́. Aṣọ́nà ibẹ̀ ni hòmóònù kan tí wọ́n ń pè ní hepcidin, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe: bí irin bá ti tó, ẹ̀dọ̀ á tú u sínú ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀kùn á sì tì. Nínú àrùn àjogúnbá tí à ń pè ní haemochromatosis, àṣìṣe inú jíìnì kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ HFE tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí ní 1996, kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ mọ̀ pé irin ti tó. Ilẹ̀kùn á wá wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru láti ìgbà èwe. Ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni náà bá fi máa pé ẹni 40 tàbí 50 ọdún, irin ara rẹ̀ lè ti tó gíráàmù 20 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan oṣù tí àwọn obìnrin ń ṣe a máa gbà wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró ni tiwọn sábà máa ń fara hàn.

Ibi tí irin yìí ń sá pamọ́ sí ni ó ń bà jẹ́. Ó ń wọ ẹ̀dọ̀, tí ẹ̀dọ̀ á fi le gbagidi, tí jẹjẹrẹ sì lè tẹ̀lé e. Ó ń wọ ọkàn, ọkàn kò ní lè fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Ó ń ba ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin jẹ́, àtọ̀gbẹ á dé. Ó ń mú kí ọkùnrin má lè bá obìnrin lò pọ̀ mọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ sọ fún dókítà. Ní 1865 ni Armand Trousseau, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ̀wé nípa aláìsàn tí awọ ara rẹ̀ pọ́n bí idẹ tí àtọ̀gbẹ sì ń bá jà. Ó di 1935 kí Joseph Sheldon tó fi yéni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìran ni wọ́n ti ń jogún rẹ̀. Síbẹ̀, títí di òní, ẹlòmíràn á gba ọ̀dọ̀ dókítà oríkèé dé ọ̀dọ̀ dókítà àtọ̀gbẹ, á tún dé ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn, kálukú á máa tọ́jú apá tirẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò béèrè irin. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àmì kan wà tí kò gba ẹ̀rọ rárá: oríkèé ìpìlẹ̀ ìka ìfábẹ̀lá àti ti ìka àárín a máa wú, a sì máa roni, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà á fi máa fà sẹ́yìn bí ènìyàn bá fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Dókítà tó bá ṣàkíyèsí ọwọ́ tó fà sẹ́yìn yẹn ti rí ohun tó yẹ kó wádìí.

Ẹ jẹ́ ká wo àyẹ̀wò náà. Èkíní ni ferritin, tó ń sọ bí irin tí ara kó pamọ́ ṣe pọ̀ tó. Èkejì ni transferrin saturation, tó ń sọ bí ẹrù irin tí èròjà tó ń ru ú káàkiri inú ẹ̀jẹ̀ gbé ṣe wúwo tó. Bí ó bá ti kọjá ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún, ó yẹ kí a fura. Àwọn méjèèjì ni kí a ṣe pọ̀, nítorí ferritin nìkan lè ga nígbà tí ibà, egbò tàbí ọtí àmujù bá ń da ara láàmú. Àti èyí tó lọ sílẹ̀ àti èyí tó ga ni wọ́n ń sọ, ẹni tí irin kò tó lára rẹ̀ náà kò sì ní pàdánù nǹkan kan bí a bá kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. A kò fẹ́ kí aláboyún kankan tìtorí ọ̀rọ̀ wa da oògùn irin tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn aboyún nù. Ìlànà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ̀mí méjì ló sì ń dáàbò bò.

Ohun tó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìtọ́jú rẹ̀ wà, kò sì le. Ẹ̀jẹ̀ ni a ó máa fà. Aláìsàn á na apá, abẹ́rẹ́ á wọlé, láàárín bíi ìṣẹ́jú 15 àpò kan tó gba nǹkan bí ìdajì lítà á ti kún, irin tó bá a jáde á sì tó mílígíráàmù 200 sí 250. Wọ́n á máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ferritin á fi wálẹ̀, lẹ́yìn náà á di ìgbà mélòó kan lọ́dún jálẹ̀ ayé ẹni. Ẹni tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó le, tí àtọ̀gbẹ kò sì tíì dé, lè pẹ́ láyé bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó rí, fífa ẹ̀jẹ̀ kò lè dá ẹ̀dọ̀ tó ti le padà sí bó ṣe wà.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹbí ló kàn. Gẹ́gẹ́ bí AS méjì ṣe ń bí SS ni ti haemochromatosis ṣe sábà máa ń rí: bàbá àti ìyá tí ara wọn le lè ní ẹ̀dà jíìnì náà kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ jogún méjèèjì. Bí ọmọ kan bá ti jogún rẹ̀ báyìí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ ìyá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ti jogún rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ní ìdílé wọn láti àríwá ilẹ̀ Yúróòpù ni C282Y, ìyẹn àṣìṣe inú jíìnì HFE tó sábà máa ń fa àrùn yìí, pọ̀ láàárín wọn jù, ní Ireland á tó ẹnì kan nínú 83 tó jogún méjì. Ṣùgbọ́n àwọn jíìnì mìíràn tó ṣọ̀wọ́n wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà, wọn kò sì yọ ẹ̀yà kankan sílẹ̀. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó jogún méjì ló máa ṣàìsàn, pàápàá àwọn obìnrin, nítorí náà a kò sọ pé kí ìjọba máa yẹ jíìnì gbogbo ará ìlú wò. Àwọn tí a mọ̀ pé ewu wà lórí wọn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ẹni tí wọ́n ti rí i lára rẹ̀, ni kò tọ́ kí a fi sílẹ̀ sínú òkùnkùn.

Irin àpọ̀jù kò sì mọ sórí haemochromatosis. Àwọn ọmọ tó ní thalassaemia tó le, àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí ara lè ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó péye, ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn kí wọ́n lè wà láàyè, àwọn kan lára àwọn tó jẹ́ SS náà sì ń gbà á déédéé kí àrùn rọpárọsẹ̀ má baà kọlù wọ́n. Gbogbo àpò ẹ̀jẹ̀ tó bá wọlé ló ń kó irin rẹ̀ wọlé, a kò sì lè fa ẹ̀jẹ̀ lára àwọn wọ̀nyí. Oògùn tó ń dè mọ́ irin tí á sì gbé e jáde ni tiwọn. Èyí tó ń jẹ́ deferoxamine a máa kán wọ abẹ́ awọ láti inú ẹ̀rọ kékeré fún wákàtí 8 sí 12, lálẹ́ nígbà tí ọmọ bá ń sùn. Ilé ìwòsàn tó bá ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀ tí kò sì wọn irin rẹ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á là, ó ń fi tòsì ṣe ọkàn rẹ̀ léṣe. Bákan náà, ẹni tó jogún ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú thalassaemia lè ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó kéré bíi ti ẹni tí irin kò tó lára rẹ̀, wọ́n á sì máa fún un ní irin lọ́dọọdún láìnídìí. Ferritin kan ṣoṣo ì bá ti là wọ́n lójú.

Nígbà tí a ti mẹ́nu ba àpò ẹ̀jẹ̀, àwọn ibì kan ṣì ń da èyí tí wọ́n bá fà lára aláìsàn haemochromatosis nù, nígbà tí ẹlòmíràn ń wá ẹ̀jẹ̀ tí kò rí. Irin tó pọ̀ jù náà, inú ẹ̀yà ara ló kó sí. Kò sọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni náà di èyí tí kò dára fún ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, ààyè wà fún un láti fi tọrẹ bí ó bá yege nínú àyẹ̀wò tí gbogbo olùtọrẹ ń ṣe. Kí àwọn tó ń bójú tó ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ níbi tó bá kù tún ìlànà wọn wò, kí wọ́n sì jẹ́ kí fífa ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi àìsàn mìíràn pamọ́ kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ìtọrẹ, nítorí pé kò fẹ́ san owó fífà á.

Àwọn kan á ní owó àyẹ̀wò á pọ̀ jù. A fi ọ̀wọ̀ takò wọ́n: ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àtọ̀gbẹ tí a ó máa tọ́jú jálẹ̀ ayé, tàbí ti pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ètò ìlera ni kí wọ́n fi àyẹ̀wò méjèèjì sínú ohun tí ètò adójútòfò ìlera ń san, kí wọ́n sì pàṣẹ pé dókítà tó bá rí àrùn yìí lára ẹnì kan gbọ́dọ̀ fún un ní lẹ́tà tí á mú lọ fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà, tí orúkọ àrùn náà àti ti àyẹ̀wò méjèèjì wà nínú rẹ̀ kedere, kí ẹni tó bá gbé e dé yàrá àyẹ̀wò má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àlàyé tó máa ṣe.