Lọ́fínńdà yín ṣì wà lára yín, ó ti mọ́ imú yín lára ni

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń lo lọ́fínńdà: "Mo fín in láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti fò lọ." Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á pè é ní ayédèrú, tàbí kí wọ́n gbé ìgò kí wọ́n tún fín òmíràn lé e. Imú ẹni tó fín in sára gan-an ni kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó jókòó tì yín lè máa gbọ́ òórùn náà ketekete ní wákàtí kẹfà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ìdajì wákàtí àkọ́kọ́.

Lókè pátápátá nínú ihò imú ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ òórùn wà. Oríṣi ohun tó ń gba òórùn mú lára wọn tó nǹkan bí 400 nínú èèyàn. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Linda Buck àti Richard Axel, gbé jáde lórí wọn ní 1991 ló mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Bí òórùn bá kan sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, kalisíọ̀mù á wọ inú wọn, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí òórùn yẹn kò bá wá dẹwọ́, kalisíọ̀mù kan náà ni yóò rẹ agbára wọn sílẹ̀. Ọpọlọ pẹ̀lú kì í fi ọkàn sí ohun tí kò yí padà, kó lè ráyè gbọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bíi èéfín tàbí gáàsì tó ń jò. Ohun tí kì í jẹ́ kí onílé gbọ́ òórùn ilé rẹ̀ nìyẹn, tí àlejò sì ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

Ti ẹni tó ń lo ìgò kan ṣoṣo lójoojúmọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí méjì, Pamela Dalton àti Charles Wysocki, gbé òórùn kan sínú ilé àwọn èèyàn fún ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1996. Agbára imú àwọn èèyàn náà láti gbọ́ òórùn yẹn lọ sílẹ̀, kò sì tètè padà sípò lẹ́yìn tí wọ́n gbé e kúrò. Bí ẹni tó ń fín in lẹ́ẹ̀mejì ṣe ń di ẹni tó ń fín in lẹ́ẹ̀mẹjọ láìfura nìyẹn. Ìgò 50 ml sábà máa ń fún wa ní nǹkan bí 500 ìfín. Ẹni tó ń lo 2 lójúmọ́ yóò lò ó fún ọjọ́ 250. Ẹni tó ń lo 8 kò ní lò ju ọjọ́ 63 lọ, àwọn tó yí i ká ni yóò sì máa forí fá a.

Àwọn èròjà kan tilẹ̀ wà tí imú àwọn kan kò gbọ́ rárá. Galaxolide, irú musk kan (òórùn tó ń pẹ́ lára) tí wọ́n ń lò gan-an nínú lọ́fínńdà àti ọṣẹ ìfọṣọ, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ti Iso E Super, èròjà lọ́fínńdà mìíràn tó ń rùn bí igi, tún yàtọ̀: ẹ ó gbọ́ ọ, yóò pòórá, yóò tún yọjú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò kúrò lára yín.

Ohun mìíràn tó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọtí tó wà nínú lọ́fínńdà máa ń gbẹ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Òórùn ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù tó kọ́kọ́ ń lọ sókè kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 sí 30 lọ. Òórùn òdòdó bíi róòsì á wà fún wákàtí mélòó kan. Musk, fanílà àti igi sandal ló ń bá ara gbé títí di alẹ́, wọn kì í sì pariwo. Ẹni tó ra ìgò nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kò tíì mọ ohun tó rà, ẹ jẹ́ kó pé wákàtí kan lára yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan sí inú ìgbọ̀nwọ́ kan, kẹ́ ẹ sì fín in lẹ́ẹ̀kan sára aṣọ òwú tí kò ní òórùn ọṣẹ. Ẹ gbé aṣọ náà sí yàrá mìíràn, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn wákàtí 4, ẹ pe ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta dé. Ẹ má bi í pé, "Ṣé mò ń ta sánsán?" Ojú yín ni yóò wò tí yóò fi dáhùn. Ẹ ní kó dúró ní mítà 2, kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sọ ibi tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ nígbà tó kù bí ìwọ̀n apá kan, ó ṣe é gẹ́gẹ́. Tó bá ti gbọ́ ọ kó tó gbé ẹsẹ̀, èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò ti pọ̀ jù. Bí kò bá gbọ́ ọ lára yín àmọ́ tí aṣọ inú yàrá ṣì ń ta sánsán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé awọ ara yín ló gbẹ. Bí aṣọ náà kò bá rùn mọ́, ìgbà yẹn lẹ tó lè dá lọ́fínńdà lẹ́bi.

Ẹ fi ti kóró kọfí tí àwọn tó ń ta lọ́fínńdà ń gbé sí iwájú oníbàárà, pé kó fi tún imú ṣe, sílẹ̀. Wọ́n dán an wò ní Beloit College ní Amẹ́ríkà, ìwádìí náà jáde ní 2011: kò ṣe imú ní àǹfààní tó ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ẹ bọ́ síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tó.

Ibi tẹ́ ẹ fín in sí ṣe pàtàkì gan-an. Àyà àti abẹ́ àgbọ̀n ló ń tètè mú un sú imú, nítorí pé kò sí èémí tẹ́ ẹ máa fà tí kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn ọrùn àti inú ìgbọ̀nwọ́ dára jù. Ẹ kọ́kọ́ fi ìpara tí kò ní òórùn pa ibẹ̀, torí orí awọ gbígbẹ ni òórùn ti ń tètè fò lọ. Ẹ jẹ́ kí ìgò jìnnà tó 15 sí 20 cm, ẹ fín in lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ara aṣọ ló ti ń pẹ́ jù, àmọ́ ó lè fi àbàwọ́n sára sílíìkì àti aṣọ funfun, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní etí rẹ̀ nínú. Ẹ máa pààrọ̀ ìgò méjì tí òórùn wọn kò jọra, ọ̀kan lónìí, èkejì lọ́la, kí imú má bàa mọ́ ọ̀kan lára.

Lóòótọ́, àwọn kan wà tó ń tètè lọ. Eau de cologne kì í sábà ní ju 2 sí 5% òróró olóòórùn lọ, eau de toilette máa ń ní nǹkan bí 5 sí 15%, eau de parfum 15 sí 20%. Èyí tó jẹ́ kìkì ọsàn kò ní pẹ́ bó ti wù kó wọ́n tó. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ rà, ẹ rọ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, kẹ́ ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn ọrùn lẹ́yìn wákàtí 4. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ tàbí yàrá tó há lẹ ń lọ, ẹ fín in ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó wọlé.