Àjọjẹ Ò Dùn B'ẹ́nìkan Ò Bá Ní

Ẹ̀yin ará wa ní ilẹ̀ Okun ní Kogi, ẹ kú ọjà o. Ẹni tó bá fa gbogbo ẹran inú abọ́ sọ́dọ̀ ara ẹ̀ la sábà máa ń pa òwe yìí fún, àmọ́ òwò àgbáyé gan-an ló bá mu, torí tí ìlú kan bá ń tà ṣáá tí kì í rà, dandan ni kí gbèsè wọ ọrùn ẹlòmíì.

Ní 1944, orílẹ̀-èdè 44 pàdé ní Bretton Woods l'Amẹ́ríkà láti tún ètò owó ayé ṣe. Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti mú àbá kan wá pé ká ní owó kan tí gbogbo ìlú á jọ máa fi ṣírò, ó pè é ní bancor, ẹni tó bá jẹ gbèsè jù á san èlé, ẹni tó bá sì kó jọ jù náà á san. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, torí kò dá onígbèsè nìkan lẹ́bi. Amẹ́ríkà ò gbà, àwọn ló ń tà jù nígbà yẹn. Dọ́là ni wọ́n gbé jókòó, 35 dọ́là fún áúǹsì wúrà kan, títí Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, fi ní òun ò fún àwọn ìlú yòókù ní wúrà dípò dọ́là mọ́ ní 1971.

Láti 1976 Amẹ́ríkà yẹn náà ń rà ju bó ṣe ń tà lọ, àmọ́ dọ́là ara ẹ̀ ló fi ń jẹ gbèsè, àwa ò ní irú ẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye ẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan wà ní bíi náírà 460, kó tó di February 2024 ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ń ta kajú ní Kabba tàbí Isanlu rí náírà tó pọ̀ gbà o, àmọ́ ajílẹ̀, oògùn koríko àti epo ọkọ̀ náà bá dọ́là lọ sókè, kajú ọ̀hún sì rèé, pẹ̀lú èèpo lára ló ń lọ sí Íńdíà àti Vietnam, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, èrè pípa ẹ̀ sì di tiwọn.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn àgbẹ̀ wa ni pé kí ẹ tó dá iye lé àpò kajú kan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye dọ́là tí tọ́ọ̀nù kajú kan ń lọ lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sì para pọ̀ ra ẹ̀rọ tá a lè fi máa pa díẹ̀ nílé.