George Orwell kì í ṣe wòlíì

Lánàá, àbúrò mi kan tún ju fídíò sórí WhatsApp ẹbí wa: "Òyìnbó tó rí ọjọ́ iwájú." Kámẹ́rà ojú títì, fóònù tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ìjọba tó ń parọ́, wọ́n ní George Orwell, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ti rí gbogbo rẹ̀ kó tó kọ 1984, ìwé ìtàn àròsọ tó jáde lọ́dún 1949, nípa ìjọba tó ń ṣọ́ gbogbo èèyàn tó sì ń yí ìtàn padà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọkùnrin náà kò ríran kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ̀ ló kọ.

Ní ìparí ọdún 1936, ó lọ sí Sípéènì, ó sì gbé ìbọn pẹ̀lú POUM, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lòdì sí Stalin, láti bá Franco, ọ̀gágun tó ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba, jà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1937, ọta ìbọn wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí ara rẹ̀ tó yá tán, ìjọba tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà ti fòfin de POUM, ìwé ìròyìn àwọn Kọ́múníìsì sì ń pè wọ́n ní amí Franco. Àwọn tí wọ́n jọ sùn nínú yàrà ogun wà lẹ́wọ̀n. Òun àti ìyàwó rẹ̀ sá gba ẹnubodè Faransé. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ní Sípéènì lòun ti ka ìròyìn ogun ńlá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti jà, tí wọ́n sì pe àwọn tó jà bí akọni ní ojo àti ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe báyìí fún, ìran wo ló tún kù tó fẹ́ rí kó tó mọ̀ pé ìjọba lè pa ìtàn àná rẹ́?

Méjì àti méjì tó di márùn-ún, tí ìjọba inú ìwé náà fipá mú èèyàn gbà, ọ̀rọ̀ ìpolongo ni ní Rọ́ṣíà ayé Stalin: kí wọ́n fi ọdún mẹ́rin parí iṣẹ́ ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n pa Yezhov, tó ti jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, lọ́dún 1940, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú fọ́tò tí òun àti Stalin jọ yà. Láàárín 1941 sí 1943, Orwell ń bá BBC ṣe ètò rédíò fún Íńdíà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó jáde. Ebi inú ìwé náà ńkọ́? Láti 1946 dé 1948, tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wọn búrẹ́dì fún aráàlú.

Èmi náà ti gbà á gbọ́ rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí n'Ìbàdàn ní 1984 gan-an, nígbà tí ìjọba ológun fi Decree 4, òfin tó de àwọn oníròyìn, ju oníròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n. Bàbá mi a máa ti fèrèsé kó tó sọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà tí mo wá ka ìwé náà, mo ní, "Ta ló sọ tiwa fún Òyìnbó yìí?" Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Àwọn ológun tiwa ló ṣe ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe ṣáájú wọn.

Tẹlifísọ̀n tó ń wo onílé padà, ó dáa, mo gbà pé kò tíì sí irú rẹ̀ nígbà náà. Àmọ́ BBC ti ń ṣe tẹlifísọ̀n láti 1936.

Margaret Atwood, òǹkọ̀wé ọmọ Kánádà, tiẹ̀ la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nípa ìwé tirẹ̀ ti 1985, The Handmaid's Tale, níbi tí ìjọba ti ń fipá mú obìnrin bímọ: kò fi ohun kan síbẹ̀ tí ọmọ aráyé kò tíì ṣe rí. Ní 1966 ni Ceaușescu, olórí Romania, fòfin de oyún ṣíṣẹ́ níbẹ̀ kí àwọn obìnrin lè máa bímọ fún ìjọba.

Mo ti fi ìwé tí Orwell kọ nípa Sípéènì lọ́dún 1938 ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Kó kà á tán ná, kó tó tún fi fídíò mìíràn ránṣẹ́ sí wa.