Òṣùwọ̀n Wo Ni Wọ́n Fi Wọn Ọpọlọ?

A ti gbọ́ èsì àwọn aláṣẹ lórí oògùn àgbo tí wọ́n ní ó ń mú kẹ́míkà ọpọlọ dọ́gba, èyí tí wọ́n ń polówó lórí rédíò láàárọ̀ lálẹ́. Wọ́n ní ìgò náà ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ẹni tó ń tà á kò sì rú òfin. Èsì yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn rárá. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí a ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè tí a bi wọ́n nígbà àkọ́kọ́ náà la tún ń bi wọ́n: ta ló wọn kẹ́míkà inú ọpọlọ náà, kí ló sì fi wọ̀n ọ́n?

Ọkùnrin tó ń ta oògùn náà kì í ṣe dókítà, kì í ṣe apòògùn, kò sì jogún iṣẹ́ ìṣègùn. Ẹnu ara rẹ̀ la ti gbọ́ pé òun kàwé díẹ̀, òun ronú sí i, ó sì yé òun pé ọ̀kan náà ni wárápá, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti wèrè: kẹ́míkà inú ọpọlọ ni kò dọ́gba. Ó ní ṣíbí méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, ó parí. Ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà kò jẹ́ sọ pé kọ́ńgò kún láìbu gàrí sí i. Kò sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, nílé tàbí lókè òkun, tí ènìyàn lè wọ̀ kí wọ́n sọ fún un pé báyìí ni serotonin, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ṣe dín tó nínú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, tí wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2022, kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé àìtó serotonin ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ti àìsàn Parkinson, tó máa ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n, yàtọ̀. Wọ́n mọ̀ pé dopamine, kẹ́míkà ọpọlọ mìíràn, ló ń gbẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ àwọn tó ti kú ni wọ́n yẹ̀ wò ní 1960 kí wọ́n tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹni tó bá dá àbá kò dẹ́ṣẹ̀. Ní 1949, dókítà kan ní Australia, John Cade, ń wá májèlé tó rò pé ó wà nínú ìtọ̀ àwọn tó ń ṣiwèrè. Àbá náà kò já sí òótọ́, àmọ́ ibẹ̀ ló ti bá lithium pàdé, èròjà kan tó ń pẹ̀tù sí irú wèrè bẹ́ẹ̀. Ó dán an wò lára ẹranko, ó gbé e mì fúnra rẹ̀, kó tó fún àwọn aláìsàn. Síbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí oògùn náà wò sàn, oògùn kan náà ló padà pa á, nítorí ìwọ̀n tó ń wo ni sàn kò jìnnà sí èyí tó ń pa ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò lóòrèkóòrè títí dòní.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìṣègùn ìbílẹ̀ la ń bá jà. Àwọn baba wa ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ wo wèrè kí òyìnbó tó yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine lára ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà ní 1952. Ohun tí reserpine ń ṣe ni pé ó ń fa serotonin àti dopamine gbẹ nínú ọpọlọ. Bó bá pọ̀ jù, ó ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ mọ iye egbò tí yóò rẹ, ó sì ń jókòó ti aláìsàn rẹ̀. Irú wọn ni Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, pè mọ́ra nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ ní Àró, l'Abẹ́òkúta, ní 1954.

Ìyá kan wá sí ọ́fíìsì wa. Ó tú ìgò náà jáde nínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e lé tábìlì, kò tètè sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ rẹ̀ fi lo oògùn wárápá tí dókítà kọ fún un. Ìgbà tí ìyá náà gbọ́ ti rédíò, ó dá oògùn dókítà dúró lójijì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wárápá gbé ọmọ náà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. "Wọ́n ní yóò dọ́gba," ohun tó ń tún sọ nìyẹn. A kò mọ èsì tí a lè fún ìyá bẹ́ẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ní nọ́ńbà wà. Ṣé wọn kò ka ìyókù ohun tó wà lára ìgò ni? NAFDAC fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára irú àgbo bẹ́ẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ìlérí oògùn náà wò. Ẹ ka lẹ́tà wínníwínní yẹn! Ẹ dá ìpolówó náà dúró lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ sọ fún aráàlú lórí rédíò kan náà pé ẹni tó bá ń lo oògùn wárápá kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ láìrí dókítà.

Láti oṣù January 2023 ni Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Ẹ̀ka tí òfin náà ní kí wọ́n dá sílẹ̀ dà? Owó àkànlò rẹ̀ dà? Oògùn ọ̀wọ́n, dókítà ọpọlọ kò tó 300 fún orílẹ̀-èdè tó ju igba mílíọ̀nù ènìyàn lọ, ó wá ń yà yín lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń sá tọ ẹni tó sọ pé ìgò kan ṣoṣo ti tó.

Ọmọ náà ti padà sórí oògùn rẹ̀. Ìgò náà ṣì wà lórí tábìlì wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó wá mú un.