Ìtàn Tí Kò Bá Pariwo

Ọ̀rẹ́ mi kan ti kó àrùn tíátà. Ẹ má bá òun kẹ́dùn, àwa tí à ń yá a níwèé ni kí ẹ bá kẹ́dùn. Kó tó di ẹni tí kì í pa eré orí ìtàgé jẹ lọ́sẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó lè ka ìtàn opó tó jókòó létí odò láti ojú ewé kìíní títí dé ìparí, kó ní ó dùn. Mo tún fún un ní irú rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ kejì ló dá a padà.

"Ta ló ń bọ̀ wá bá obìnrin yìí?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

"Kí ló wá jókòó dè?"

Àwọn bíi tirẹ̀ ti pọ̀ báyìí. Wọn kì í sọ pé ìwé dùn mọ́, wọ́n á ní "ìran kẹta ló gbé e." Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú tíátà kò lè rí ọkàn òṣèré, torí náà ohun tó wà nínú gbọ́dọ̀ bọ́ síta: ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́ á máa dá sọ̀rọ̀ sókè, ẹni tó ń dìtẹ̀ á dì í níbi tí ẹnì kan ti lúgọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Wọ́n ní ògiri létí. Nínú Hamlet, eré Shakespeare, aṣọ ìkélé létí débi pé wọ́n fi idà gún Polonius, ìjòyè ọba tó lúgọ sẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ́n nìyẹn, lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n inú ìwé ńkọ́, níbi tí òǹkọ̀wé ti lè wọ ọkàn èèyàn láìkan ilẹ̀kùn? Ọ̀rẹ́ mi ò fẹ́ kó wọlé jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí aya kan ti pa ilẹ̀kùn dé gbàà jáde nínú eré Ibsen, òǹkọ̀wé ará Norway, ní 1879, kò tún sí aya tó lè fi ilé ọkọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú àwọn wọ̀nyí.

Chekhov, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, ló wá dá kún un. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1889 pé ìbọn tí wọ́n ti kì kò gbọ́dọ̀ wà lórí ìtàgé bí wọn ò bá ní yìn ín. Láti ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ti gbọ́ èyí, ife omi tó bá wà lórí tábìlì lójú ewé kẹta, májèlé ni. Bàbá àgbà tó bá wúkọ́ ti kú. (Mo wúkọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ojú tó fi wò mí, ojú ẹni tó ń ronú aṣọ òfọ̀ ni.)

Ti ìparí ìtàn ńkọ́? Ní Gíríìsì àtijọ́, bí ọ̀rọ̀ bá díjú tán, wọ́n á fi ẹ̀rọ sọ òrìṣà kalẹ̀ látòkè kó wá parí ẹjọ́. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí wọn, bẹnu àtẹ́ lù ú láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn tiwa ṣì ń wòkè.

Èyí tó tún wá dùn mọ́ wọn jù ni ìtàn nípa tíátà fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀gá òṣèré á rọ́, ọmọdébìnrin tó ti ń há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí lẹ́yìn ìtàgé á bọ́ síwájú. Ẹsẹ̀ tó ti rọ́ nínú ìwé wọn tó ti ọmọ ogun.

Mo rò pé mo ti rí ìtàn tó máa tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo sọ bí wọ́n ṣe yin ìbọn àgbá nínú eré ní tíátà Globe, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1613, tí òrùlé koríko gbaná, tí gbogbo ilé jó kanlẹ̀. Ṣòkòtò ọkùnrin kan gbaná, ọtí bíà ni wọ́n fi pa iná náà.

"Kí ni ọkùnrin náà sọ?"

Mo ní n kò rí i kà.

"Ṣòkòtò ń jó, kò sọ nǹkan kan? Òṣèré burúkú!"

Mo ní òǹwòran ni, kì í ṣe òṣèré. Ó dìde, ó gbọ́wọ́ sókè, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàà, ó jáde.

Ilé rẹ̀ la wà o. Nígbà tó ṣe, ó rọra kanlẹ̀kùn, ó ní òun gbàgbé bàtà.