Ẹ Yé Na Ọmọ Tuntun Nídìí, Èémí Ló Ń Wá

Ẹ tún ti gbé irú fídíò yẹn dé. Ọmọ tuntun, ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n ń gbá a nídìí. Ó pàpà ké, ni gbogbo yín bá ń kọ "Ọlọ́run ṣeun" sábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run ṣeun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ 100 tí oṣù wọn pé, nǹkan bí 85 ló ń mí fúnra wọn kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé. Bí 10 mìíràn á mí tí a bá sáà ti nù wọ́n gbẹ, tí a fọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn. Àfàìmọ̀ ni ọmọ inú fídíò yẹn ò sí lára wọn. Àwọn bíi 5 tó kù ni mò ń ké sí, torí ibi tí ẹ ti ń nà wọ́n ni àkókò wọn ti ń lọ.

Ìṣẹ́jú kan péré ni ìlànà ìtọ́jú ọmọ tuntun tí kò mí fún wa. Nù ún gbẹ, ju aṣọ tó ti tutù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, fi gbígbẹ bò ó, gbé orí rẹ̀ kó má tẹ̀ síwájú, kó má sì ṣẹ́ sẹ́yìn jù. Bí kò bá mí, tàbí tó kàn ń pọ̀kàkà, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò lù tó 100 ní ìṣẹ́jú, báàgì àti máàsìkì ló kàn, ìyẹn àpò tí a ń fún àti ìbòmú tó so mọ́ ọn, tí a fi ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ọmọ. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá fa kèlẹ̀bẹ̀ tán o.

Fífà yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ọmọ ò tíì ké, rọ́bà tí ẹ fi ń fa kèlẹ̀bẹ̀ ti dé ẹ̀yìn ọ̀fun rẹ̀. Rọ́bà tó bá kan ibẹ̀ lè mú kí ìlù ọkàn ọmọ já wálẹ̀, ọkàn tí à ń wá bó ṣe máa yára! Ẹ ó ní, "Tó bá yàgbẹ́ sínú omi tó yí i ká nínú ìyá rẹ̀ ńkọ́?" Láti 2015 ni ìlànà Amẹ́ríkà ti ní kí a má ṣe sọ ọ́ di àṣà láti máa fa ọ̀nà èémí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ rọ. Bí nǹkan bá dí i lóòótọ́, ẹ fa ẹnu kí ẹ tó fa imú. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan imú, ó lè mí kanlẹ̀, kó gbé ti ẹnu wọ inú.

Máàsìkì wá ńkọ́? Kó bo ẹnu, imú àti ṣóńṣó àgbọ̀n, kó má gun ojú. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ lójú. Àgbọ̀n á sún sẹ́yìn, ahọ́n á dí ọ̀fun, afẹ́fẹ́ á máa sá jáde fùùù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àgbọ̀n ni kí ìka mẹ́ta gbé wá bá máàsìkì. Ẹ fún báàgì ní ìgbà 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú: "fún, méjì, mẹ́ta," ẹ fún un ní "fún," ẹ tú u sílẹ̀ ní "méjì, mẹ́ta." Ẹ rọra o, ọmọ kílò 3 kò nílò tó mílílítà 20 lẹ́ẹ̀kan. Bí àyà kò bá gbéra, ẹ tún máàsìkì tò, ẹ tún orí gbé, ẹ wo ẹnu, ẹ là á díẹ̀, kí ẹ tó wá fún báàgì le sí i.

Àwọn tó ń sáré tẹ àyà, fíìmù ló kọ́ yín. Ti àgbàlagbà, ọkàn ló sábà ń kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ti ọmọ tuntun, àìrí èémí ló ń mú kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Ìgbà tí èémí bá ti ń gbé àyà fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tí ọkàn ò sì tíì tó 60, ni títẹ̀ kàn: ẹ tẹ àyà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fún un ní èémí kan.

Ìlànà ní kí ẹnì kan wà tí ọmọ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Máàsìkì gan-an, ọwọ́ méjì ló ń dì í mú dáadáa, kí ẹlòmíràn máa fún báàgì. Àmọ́ agbẹ̀bí kan ṣoṣo wà níbìkan lóru, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá, ọmọ ò mí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi ìjáyà ki rọ́bà bọ ọ̀fun ọmọ, n ò mọ̀ bóyá mo lẹ́nu láti bá a wí.