Ẹ Yẹ Sàlẹ́ńsà Wò, Kì í Ṣe Ìwé Nìkan

Ẹni tó bá ń tajà ní Ìwó Road n'Ìbàdàn ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èéfín fún òun. Bó nu gíláàsì ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tó fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án, ọwọ́ á dúdú bí ẹni tó fọwọ́ kan ìdí ìkòkò.

Lọ́dún 2020 tí kòrónà dé, wọn ò ti Ìbàdàn pa bí wọ́n ṣe ti Èkó àti Ògùn. Alẹ́ ni kónílé-ó-gbélé tiwa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ilé ìwé, wọ́n ní kí ọkọ̀ má ti ìpínlẹ̀ mìíràn wọlé, takisí Máíkírà tó máa ń tò bí ìjàlọ ní Mókọ́lá sì dín kù. Ọ̀pọ̀ wa sọ nígbà náà pé atẹ́gùn fúyẹ́ nímú. A ò ní purọ́, òjò àkọ́rọ̀ náà lọ́wọ́ sí i.

Ẹ wá wo ibòmíràn tí wọ́n tì pa nígbà náà. Sátẹ́láìtì rí i pé nitrogen dioxide, gáàsì tó ń ti ẹ́ńjìnì jáde, wálẹ̀ gan-an ní Wuhan ní Ṣáínà. Ní Jalandhar ní Íńdíà, àwọn èèyàn gun òrùlé ilé wọn, wọ́n rí òkè Himalaya tí èéfín ti fi pa mọ́ fún wọn láti ọdún pípẹ́. Gáàsì ọ̀hún kì í pẹ́ lójú ọ̀run, kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ. Àwa la ń tú òmíràn sí i lójoojúmọ́.

Ṣé àrùn ni yóò máa bá wa gbálẹ̀ ojú ọ̀run ni?

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ là ń bá wí. Bí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò bá dá Máíkírà dúró lónìí, ìwé ló máa béèrè. Tí ìwé bá pé, ó parí. Awakọ̀ á tẹná mọ́ ọn, èéfín á sì bo yúnífọ́ọ̀mù ẹni tó ní kó máa lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín sí ìdí sàlẹ́ńsà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ yẹ fún títì.

A mọ ohun tí àwọn awakọ̀ máa sọ: owó dà? Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ lọ́dún 2023, agbára káká ni wọ́n fi ń ra epo, ká má tíì sọ ti ẹ́ńjìnì tó ń mu ọ́ìlì. Ẹ fún wọn ní oṣù mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì yá wọn lówó àtúnṣe nípasẹ̀ ẹgbẹ́ wọn.

Títí oṣù mẹ́fà yẹn á fi pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ìjọba. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí imú ti mọ̀ kí ojú tó rí wọn.